Aago ọwọ́ olówó ńlá: èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, àtèyí tó di ti ọ̀gá

Àwọn tó ní aago Rolex, Omega tàbí Tissot ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ló máa ń béèrè àwọn nǹkan yìí. Ìdérí ẹ̀yìn aago ni ààlà. Ohun tó wà níta rẹ̀, ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀gá ló ni ín, àfi bátìrì, òun náà pẹ̀lú ìṣọ́ra gidi.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Aago mi kì í kúrò lọ́wọ́ mi bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, torí pé wọ́n kọ 30m sí ẹ̀yìn rẹ̀. Láti àná ni nǹkan bí ìrì ti bo abẹ́ díńgí rẹ̀. Wọ́n ní kí n rì í mọ́nú ìrẹsì.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ò lè fa omi jáde látinú ohun tó padé pinpin. Ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ló máa gba ibi tí omi gbà wọlé. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ. Ooru á sọ omi náà di oru, oru á wá lọ tutù sára ojú aago àti àwọn ọwọ́ rẹ̀. Àbàwọ́n tó bá fi síbẹ̀ ṣòroó fọ̀ kúrò láìba ọ̀dà ojú aago jẹ́.

Ẹ fa kíráùn, ìyẹn kókó ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń yí aago, síta títí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá á fi dúró. Ẹ má ká a mọ́, ẹ má mì í. Kó dé ọwọ́ ẹni tó máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí yìí, kó má di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irin ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ kíráùn, irin ni ọ̀pọ̀ sukúrúù inú rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ sì tó fún wọn láti dípẹtà. Ìyẹ̀fun ìpẹtà yẹn ló ń pa aago gan-an, torí pé á wọnú òróró, á sì máa lọ ẹsẹ̀ àwọn wíìlì bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Ní ti 30m yẹn, kò sọ pé ẹ lè wọdò lọ. Inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti dán an wò, nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ṣì tuntun, tí aago sì dúró jẹ́ẹ́. Omi tó bá ta sí i lásán ló lè gbà. Omi ẹ̀rọ tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ìgbà márùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú òógùn àti ọṣẹ, á mú kí rọ́bà tó wà nídìí kíráùn le, kó sì sán. Ẹ bọ́ aago kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá; omi gbọ́dọ̀ kan awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ṣá. Àpò ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má gbé e ka etí sìmẹ́ǹtì ẹ̀rọ omi.

Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí kíráùn rẹ̀ ń dè bí ìdérí ìgò, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tó jábọ́ sínú ojú ọ̀nà rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá yí i síwájú. Ibi tó bá ti dúró, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára dè é nígbà tí kò tíì bọ́ sójú ọ̀nà á ba eyín kíráùn jẹ́, kíráùn tuntun àti ihò rẹ̀ tuntun ló sì máa rà.

Ìbéèrè: Omega mi, èyí tí kì í lo bátìrì, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sáré lójúmọ́. Ẹnì kan ní àfi kóun tú u palẹ̀.

Ìdáhùn: Kí onítọ̀hún ṣì dúró ná. Aago tó ṣàdédé ń fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú sáré, òòfà la kọ́kọ́ ń fura sí. Sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tó ká bí ìgbín. Tí òòfà bá ti wọ̀ ọ́, ìká rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra, á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, aago á sì máa yára. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, páàsì fóònù tó ń fi òòfà padé àti ìdè báàgì obìnrin ni wọ́n ti sábà máa ń kó o.

Ẹ gbé kọ́ńpáàsì kékeré, èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka àríwá, kalẹ̀, kẹ́ ẹ rọra gbé aago kọjá lórí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò tẹ̀ lé e, òòfà ni. Ẹ̀rọ tó ń yọ òòfà ò wọ́n, ẹ sì lè fọwọ́ ara yín lò ó: ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí aago wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra máa gbé aago sókè títí á fi jìnnà tó gígùn apá kan, kẹ́ ẹ tó fi bọ́tìnì sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnì sílẹ̀ nígbà tí aago ṣì wà nítòsí, ẹ tún ti fi òòfà mìíràn sí i lára. Bí kọ́ńpáàsì ò bá mira rárá, ó lè jẹ́ pé aago ti jábọ́ tàbí pé òróró ti ta sí sípíríǹgì yẹn. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn.

Ìbéèrè: Tissot oníbátìrì ni tèmi. Ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ ń fò mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣé mo lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Fífò yẹn ni aago fi ń sọ pé bátìrì fẹ́ tán. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, bó bá jẹ́ èyí tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ń kì wọlé, tó ní ojú kékeré létí tí abẹ ọ̀bẹ lè wọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá bá lára bátìrì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá jẹ́ 377, òun kan náà ni SR626SW, onífàdákà ni, agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 1.55. Ẹlòmíì á ta LR626 tàbí AG4 fún yín torí pé ó pọ̀, wọ́n sì tóbi bákan náà. Ẹ má gbà á. Agbára tiẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń ṣomi sínú aago.

Ẹ pa fáànù. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé. Ẹ̀mú oníke ni kẹ́ ẹ fi mú bátìrì, torí pé tirin á so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì dáadáa: wáyà pupa kan wà níbẹ̀ tó ká bí òwú inú maṣíìnì ìránṣọ. Bí ẹnu ẹ̀mú bá ha á báyìí, aago ti kú. Ẹ nu rọ́bà ìdérí, kẹ́ ẹ fi gíríìsì sílíkọ́ọ̀nù tíntínní pa á, kó sì jókòó sójú ihò rẹ̀ yíká kẹ́ ẹ tó tẹ ìdérí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kó rómi mọ́ títí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò omi á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè: Ṣéènì Rolex mi tóbi jù. Mo ní sukudíráífà tí wọ́n fi ń tún fóònù ṣe.

Ìdáhùn: Ìyẹn ò dára tó. Ẹnu pẹlẹbẹ tó bá ojú sukúrúù mu délẹ̀délẹ̀ lẹ nílò, 1.6 mm fún ọ̀pọ̀ Rolex. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dè é, ìdí nìyẹn tó fi le. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣéènì kúrò lára aago, kẹ́ ẹ tó fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù náà, kí ooru má bàa dé inú aago. Kẹ́ ẹ tó yọ ṣéènì, ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹsẹ̀ aago, ibi tí ṣéènì ti so mọ́ ọn, kí irin má bàa ha á. Ẹ pín èyí tẹ́ ẹ máa yọ sọ́tùn-ún àti sósì kí ìdè lè wà láàárín ọwọ́. Àwọn tẹ́ ẹ yọ, ẹ tọ́jú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú á béèrè wọn.

Ìbéèrè: Mo ti ra irinṣẹ́, mo sì ti wo fídíò púpọ̀. Mo fẹ́ tú Rolex bàbá mi, kí n fọ̀ ọ́, kí n fi òróró sí i.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aago bàbá yín kọ́ṣẹ́.

Agbára pọ̀ nínú sípíríǹgì ńlá rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ afárá tó di fọ́ọ̀kì (irin kékeré tó ń dá wíìlì dúró, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) mú láìkọ́kọ́ tú agbára yẹn díẹ̀díẹ̀, gbogbo wíìlì á fò yí lẹ́ẹ̀kan náà, eyín á ká, ẹsẹ̀ wíìlì á sì ṣẹ́. Ẹsẹ̀ wíìlì tó ń mì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà míì.

Òróró tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Òróró maṣíìnì ìránṣọ á ṣàn kúrò níbi tẹ́ ẹ fi sí, ìyókù á sì gan. Aago kan ṣoṣo ń gbà ju oríṣi kan lọ: èyí tó fúyẹ́ bíi Moebius 9010 fún wíìlì tó ń sáré, èyí tó ki fún ibi tó ń yí díẹ̀díẹ̀ tó sì ń gbé ẹrù, 9415 fún òkúta fọ́ọ̀kì, gíríìsì fún ibi tí kíráùn ti ń fa. Bó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó burú bí kò ṣe sí rárá. Ẹ má sì fi sípíríìtì fọ fọ́ọ̀kì: ṣẹ́láákì ni wọ́n fi lẹ òkúta pupa méjì mọ́ ọn, sípíríìtì sì ń yọ́ ọ.

Bí iṣẹ́ náà bá wù yín gan-an, ẹ ra ẹ̀rọ Seiko NH35 lásán, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ tò ó, títí á fi máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tò ó tán.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń mọ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ní kó gbé aago yín sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó ṣí i, kó sì tún gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Aago tó wà dáadáa, tí wọ́n ká kún, tí ojú rẹ̀ dòkè, wíìlì rẹ̀ tó ń mì sábà máa ń yí tó ìwọ̀n dígírì 270 sí 310. Bó bá wà nísàlẹ̀ 220, ó fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ yìí lè bá yín de okùn aago, kó má ṣí Rolex. Ẹ ya fọ́tò aago àti nọ́ńbà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀yà àtijọ́ tó bá yọ, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ tààrà pé kó má fi ẹ̀rọ dán ara aago, torí pé dídán yẹn ń jẹ etí irin lọ. Rolex kì í ta ẹ̀yà aago fún ẹni tí wọn ò fọwọ́ sí. Ẹni tó bá sọ pé òun ní i nílẹ̀, ẹ béèrè ibi tó ti rí i. Bó bá di pé kó lọ Èkó tàbí Àbújá, ẹ gbé e lọ fúnra yín, ẹ má fi í rán dírẹ́bà.

Ìbéèrè: Déètì mi ń yí padà lọ́sàn-án gangan.

Ìdáhùn: Aago yín rò pé òru ni. Ẹ fi wákàtí méjìlá yí i síwájú. Ẹ má fi kíráùn yí déètì nìkan láàárín agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, nítorí eyín wíìlì déètì ti wọnú ara wọn nígbà yẹn, ó sì lè ṣẹ́. Ẹ yí ọwọ́ aago sí agogo mẹ́fà àárọ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan déètì.