Oògùn orúnkún ló ń gbé ṣúgà Màámi sókè

Owó tí mo ná sórí oògùn ṣúgà Màámi ṣì ń dùn mí. Metformin, glimepiride, wọ́n tún fi pioglitazone kún un. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ṣúgà ò sì sọ̀ kalẹ̀. Tá a bá dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ kó tó jẹun ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í sì í burú. Wọ́n á ní ká máa bá a lọ. Tí mo bá fi ẹ̀rọ kékeré ilé yẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́, ó ti lé ní 300.

Èmi ni mo já a, kì í ṣe àwọn. Ṣúgà tó rọra jókòó láàárọ̀, tó wá ń gòkè láti ọ̀sán lọ, bí prednisolone, oògùn steroid tó ń pẹ̀rọ̀ sí wíwú àti ìrora, ṣe máa ń ṣe nìyẹn téèyàn bá ń lò ó láàárọ̀. Mo da àpò Màámi sórí bẹ́ẹ̀dì: ọ̀rá kékeré kékeré, oògùn oríṣiríṣi nínú wọn, tẹ́nì kan ń dì fún un lọ́jà. “Ti orúnkún nìyẹn, kì í ṣe ti ṣúgà,” ló wí. Kò purọ́, kò sẹ́ni tó bi í rí. Apòògùn tó mọṣẹ́ ló bá mi ṣa prednisolone 5 mg jáde nínú wọn.

Mo wá jókòó tì í, kí n mọ bí oògùn orúnkún ṣe dé inú ẹ̀dọ̀. Ínsúlínì, ìránṣẹ́ ara tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì kó tó jíṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kan ilẹ̀kùn. Prednisolone àti cortisol, ìránṣẹ́ tó jọ ọ́ tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, ọmọ ilé ni wọ́n, wọ́n ń wọlé tààrà. Risẹ́ptọ̀ wọn, ìyẹn ohun tó ń gbà wọ́n mọ́ra, ń dúró dè wọ́n nínú lọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá ti so mọ́ra, ó di inú nucleus, yàrá tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì, lórí DNA gan-an, níbi tó ti ń tan jíìnì kan, tó ń pa òmíràn. Nínú ẹ̀dọ̀, àwọn tó ń ṣe ṣúgà tuntun ló ń tàn. Nuclear receptor ni wọ́n ń pe irú wọn. Oríṣi 48 ló wà lára èèyàn. Ọdún 1985 ni ikọ̀ Ronald Evans ní California tú jíìnì risẹ́ptọ̀ cortisol yìí palẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ara ẹbí yìí kan náà ni pioglitazone ń lọ so mọ́, èyí tó ń jẹ́ PPAR-gamma, òun ló sì máa ń dá omi dúró sára títí ẹsẹ̀ á fi wú. À ń fowó ra oògùn kan kó lè tún ohun tí èkejì ń bà jẹ́ ṣe.

Bá a ṣe dín prednisolone kù díẹ̀díẹ̀, mi ò ní fi gùn yín. Dókítà míì ló kọ ọ́ sílẹ̀, a tẹ̀ lé e, oògùn ṣúgà náà sì ń dín kù pẹ̀lú ẹ̀, kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ jù. Àyẹ̀wò cortisol ló fẹ́ yí mi lórí.

Risẹ́ptọ̀ yẹn wà nínú ọpọlọ náà. Tí prednisolone bá pẹ́ lára, ọpọlọ á gbà pé cortisol ti tó, kò ní ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín mọ́, àwọn yẹn á sì sùn lọ. Tẹ́ ẹ bá já oògùn náà dúró lójijì, ara ò ní ní cortisol tirẹ̀: èébì, àárẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀, ó sì lè pààyàn. Torí náà a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ti jí. Àárọ̀ ni cortisol máa ń pọ̀ jù, nǹkan bí aago mẹ́jọ ni wọ́n sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀, kí prednisolone ọjọ́ yẹn tó wọnú, torí pé àyẹ̀wò míì máa ń kà á mọ́ cortisol.

Ẹ lọ sọ ìyẹn fún láàbù! A ti jókòó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì dé. Ó dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n tàn án, ó tún ku ẹni tó máa gbowó. Màámi ò jẹun, kò lo oògùn, orí ti ń yí i. Ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Mo ní àkókò ti kọjá. Ọmọbìnrin náà ní, “Bọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀.” Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀! Wọ́n tún ní Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ, a dúró, a dúró. Nígbà tí èsì dé, kò sí aago kankan lórí ẹ̀. Dókítà wò ó, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n ní àwọn á ṣẹ́ díẹ̀ kúrò nínú owó èkejì. Èkejì wo?

Láàbù míì ni mo lọ. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti lọ bi wọ́n: ta ló ń ṣílẹ̀kùn, ta ló ń fa ẹ̀jẹ̀, aago mélòó? Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ aago sára ìgò. Èsì yẹn dáa. Àwọn ẹṣẹ́ náà ti jí, mo sì fọwọ́ sọ̀yà.

Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn nílé tí ṣúgà ẹ̀ ò gbọ́ oògùn, ẹ yẹ tìrọ̀lẹ́ wò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo ọ̀rá inú àpò ẹ̀ lọ bá dókítà, títí kan ìpara àti àgbo.

Metformin nìkan ló kù fún Màámi báyìí, ẹsẹ̀ ti fọn. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ó sì ń bá mi jà lórí ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kan sápò ẹ̀ pé ó ti lo prednisolone fún ìgbà pípẹ́, torí tí àìsàn líle tàbí iṣẹ́ abẹ bá dé, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀.