Ibi tó yẹ kí òṣèré ti dákẹ́ níwájú kámẹ́rà

Nígbà ayé eré alárìnjò, bí aláwàdà bá sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń dúró kí èrò rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ òmíràn. Kò sí èrò níwájú kámẹ́rà. Ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tí ẹ ń ṣe ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa dákẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ ní, “Ìyàwó, ṣé ìwọ lo mú owó abẹ́ ìrọ̀rí mi?” Ìyàwó ní, “Rárá, Mà. Mi ò mú un.” Ẹ sọ èsì yìí lọ́nà mẹ́ta. Bí ẹ bá fèsì lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ìyàwó ti ń retí ìbéèrè náà. Bí ẹ bá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kí “Rárá” tó jáde, òǹwòran á fura sí i. Bí “Rárá” bá yára jáde, tí “Mà” wá pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ẹ gbé fóònù sórí nǹkan tí kò ní mì, kó bá ojú yín dọ́gba, kó má ju mítà kan sí yín lọ. Ẹ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n láì gbọ́ ohùn. Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀ lójú, a jẹ́ pé ìdákẹ́ yẹn ṣófo. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé òṣèré ń ka “oókan, eéjì” lọ́kàn, ẹyinjú á wá dúró gbagidi bíi ti ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀. Ẹ má kà á. Ẹ fi gbólóhùn kan tí ẹ ò ní sọ síta sínú ìdákẹ́ náà, bíi “Ta ló rí mi?” Bí gbólóhùn yẹn bá ṣe gùn tó ni ìdákẹ́ á ṣe gùn tó.

Bí kámẹ́rà bá jìnnà, ojú nìkan ò ní tó. Ẹ wá nǹkan fọ́wọ́ ṣe: ẹ máa ká aṣọ, kí ọwọ́ wá dúró lórí rẹ̀.

Òwe la máa ń bà jẹ́ jù. Òṣèré á sáré kà á bí ẹni ń ka ìwé. Nílé wa, ẹni tó ń fi òwe báni wí á ní “Àgbà kì í wà lọ́jà…”, á wo ojú onítọ̀hún, nígbà míì kò tiẹ̀ ní parí ẹ̀. Eré sísá yìí náà ló ń gbé ohùn mì. Ẹni tó bá ń sáré, “Ọkọ̀ mi dà?” àti “Ọkọ mi dà?” á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, bí wọ́n bá ti ní “Action”, ẹ mí lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tán, ẹ má tú ojú ká títí wọ́n á fi ní “Cut”. Olóòtú lè gé ìdákẹ́ tó gùn jù, àmọ́ èyí tí ẹ ò ṣe, kò níbi tó ti máa rí i. Ẹ má sọ̀rọ̀ lé ti ẹnì kejì yín lórí àyàfi tí dáírẹ́kítọ̀ bá ní kí ẹ ṣe é, torí ohùn méjì tó bá dàpọ̀ lórí máìkì kan ṣòro yà sọ́tọ̀. Bó bá sì jẹ́ orí “Mà” lẹ ti gbé ife omi, orí “Mà” náà ni kẹ́ ẹ ti máa gbé e ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un yà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí olóòtú bá so èyí tí wọ́n yà pọ̀, ife á kàn dédé kúrò lọ́wọ́ yín bọ́ sórí tábìlì lójú òǹwòran.