Bí a ṣe ń fi àwòrán sátẹ́láìtì mọ ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ àgbàdo

Nígbà tí ewé àgbàdo bá fi máa pọ́n, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ tipẹ́. Èyí tó burú jù ni kó bọ́ sí ìgbà tó ń yọ irun, tó fẹ́ yọmọ. Ní Òṣogbo níbí, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, àgbàdo tí a pẹ́ gbìn sì máa ń ko ó. Sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù ń wo irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn kò lè rí, tí omi inú ewé máa ń fà mu. Bí omi bá dín nínú ewé, ìmọ́lẹ̀ náà á pọ̀ nínú èyí tó tàn padà sókè. Bí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń padà kọjá lórí wa, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀.

Ẹ ṣí Copernicus Browser, ìyẹn ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwòrán rẹ̀ wà, ẹ wá oko yín, ẹ fa ìlà yí i ká. Kọ̀ǹpútà ni mo ń lò, nítorí ìka máa ń yọ lórí fóònù. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko, ẹ tẹ Google Maps mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ wà, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé jáde sínú ìwé, kí ẹ sì kó o lọ sí kàfé. Nínú irú àwòrán tó wà níbẹ̀, Sentinel-2 L2A ni kí ẹ mú, lẹ́yìn náà Moisture Index, tó ń fi àwọ̀ hàn bí omi ewé ṣe tó: ibi tó bá pupa ni omi ti kéré. Ẹ má mú NDWI tó wà nítòsí rẹ̀: odò àti adágún ni ìyẹn ń wá. NDVI, tó ń wo bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó, náà kò yá tó, torí ewé lè máa gbẹ kó ṣì tutù lójú.

Abala ilẹ̀ tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 20, ni ẹyọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán dúró fún. Éékà kan kò ju nǹkan bíi mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ, ti ààlà á sì ti dà pọ̀ mọ́ igbó. Nítorí náà n kì í fi wo oko tí kò tó éékà méjì, bẹ́ẹ̀ ni n kì í wo ebè ẹ̀fọ́ inú àkùrọ̀. Àgbàdo tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ń kọ́? Ilẹ̀ lásán lẹ ó máa wò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni ọ̀rọ̀ àwọsánmà.

Mo mọ ẹnìkan tó ń dáko lọ́nà Ìlobùú. Ó rí ibi pupa kan láàárín oko, ó yá pọ́ńpù, ó ra epo, ó fa omi odò sí i fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tó pè mí, mo ṣí àwòrán ọjọ́ yẹn bí ojú lásán ṣe ń rí i: àwọsánmà fẹ́lẹ́ bí èéfín ààrò ló wà lórí ibẹ̀. Apá kejì oko, tí omi kò kàn, ni òùngbẹ ń gbẹ ní tòótọ́. Òjìji àwọsánmà náà ló bò ó, tó fi dà bíi pé omi wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba Moisture Index gbọ́, ẹ ṣí True Color, ìyẹn àwòrán bí ojú lásán ṣe ń rí i, ti ọjọ́ kan náà, ẹ sún un mọ́ra dáadáa. Bí oko bá funfun díẹ̀, tàbí tó dà bíi pé wọ́n fi aṣọ léésì bò ó, ẹ fi àwòrán yẹn sílẹ̀. Bí òkè oko bá mọ́, ẹ ṣì wo apá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ṣáájú ọ̀sán ni sátẹ́láìtì ń kọjá, oòrùn ṣì wà ní ìlà-oòrùn, òjìji àwọsánmà sì máa ń ṣubú sí ìwọ̀-oòrùn, bóyá sórí oko yín gan-an. Iye ìdá àwọsánmà nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ náà ń tan èèyàn, torí ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ju 100 kìlómítà lọ ló dúró fún. Àwòrán tí wọ́n kọ 70 sí lè mọ́ kedere lórí Òṣogbo, èyí tí wọ́n kọ 5 sí sì lè jẹ́ orí oko yín ni 5 ọ̀hún jókòó sí. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdá àwọsánmà tí a lè gbà, mo máa ń fi í sí 100 kí gbogbo àwòrán lè jáde, kí n fi ojú ara mi ṣà wọ́n. Ẹ̀rún ló rọrùn jù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà ń ba àwòrán jẹ́.

Àwòrán kan ṣoṣo kò tó. Ẹ fi wé èyí tó mọ́ ṣáájú rẹ̀, àti oko aládùúgbò tó gbìn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí gbogbo oko bá ń pọ́n pọ̀ lójú àwòrán, ó lè jẹ́ pé àgbàdo ti ń gbó ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọkọ́ lọ sí ibi pupa náà ní aago méje àárọ̀. Ewé tó ká ní ọ̀sán tó sì là ní ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé ojú ẹ̀. Èyí tó ṣì ká ní àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ fún un lọ́wọ́. Bó bá dì mọ́ra, omi ṣì wà níbẹ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó wọ àárín, ajílẹ̀ ló ń wá, omi kò ní wò ó sàn.

Bó bá jẹ́ òùngbẹ ni, ẹ fa omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí àwòrán mìíràn tó mọ́ bá dé tí ibẹ̀ kò sì yí padà, ẹ má tún ra epo: ẹ padà lọ hú igi àgbàdo méjì, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ìṣòro wà.