Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Rà: Ta Ni Ó Bá Yín Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló fa ìwé yìí. Ó kó owó kòkó ọdún mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, ó fi ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dà ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dá, ògiri ẹ̀yìn ti là láti igun fèrèsé dé ilẹ̀, omi sì ń jò láti dẹ́kì sórí ibùsùn. Ó ní òun mú ẹni tó mọ̀ nípa ilé lọ kí òun tó sanwó. A bi í pé ta ni. Bíríkìlà tí ajẹ́ńtì mú wá ni.

Àṣìṣe tí à ń rí lemọ́lemọ́ nìyẹn. A kò sọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ níbí. Ẹ ti mọ iṣẹ́ lọ́yà àti ti sọ̀fíyọ̀. Ṣùgbọ́n C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, kò lè sọ fún yín bóyá irin inú òpó tó. Gírédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò, kì í fọwọ́ sí kòkó láìla wóró rẹ̀, kò sì sí nínú yín tó máa jẹ́ kí ẹni tó ń ta kòkó bá òun ṣe gírédà. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilé?

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá ẹnjiníà ilé tó wà nínú ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tàbí kọ́lékọ́lé tó wà nínú ìwé CORBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn kọ́lékọ́lé sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ onílé tàbí ajẹ́ńtì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó lọ. Àkọ́kọ́, ní ọ̀sán gangan, kó lo wákàtí 3 ó kéré tán. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí wákàtí 24 tó kọjá lẹ́yìn òjò ńlá. Onílé tó bá kọ ìgbà kejì, ẹ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Kó gun òkè àjà, kó wo igi òrùlé bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Kó wọn ibi tó là: èyí tó bá ju mílímítà 5 lọ, tàbí tó dagun láti igun ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, kó wádìí ìdí rẹ̀ dé ìpìlẹ̀. Ọ̀dà tuntun lórí ògiri kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí gbogbo ẹ̀rọ omi wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú 15. Sókáwéè gbọdọ̀ jìnnà sí kàǹga tó mítà 30 ó kéré tán, ẹ wọn ti aládùúgbò pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó fi òòlù tí wọ́n fi ń dán kọnkéré wò lu òpó àti dẹ́kì. Ẹ̀yin tó ń rà l'Ékòó, ẹ béèrè ìwé LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, tó fi hàn pé ilé náà parí, ó sì yẹ fún gbígbé.

“Ilé yìí dáa” kì í ṣe ìròyìn. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, pẹ̀lú fọ́tò, orúkọ, nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń tà náà, ẹ yẹ ilé yín wò kí ẹ tó pe ajẹ́ńtì. Ẹ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fi ọ̀dà bo ògiri tó là, ọmọ ẹlòmíràn ló máa sùn sábẹ́ rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí, ẹgbẹ́ kò ní fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ilé láìrí ìròyìn náà. Ẹ mú ẹ̀dà 2 wá, pẹ̀lú rìsíìtì tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ san owó ẹnjiníà tàbí kọ́lékọ́lé náà. Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀, kó má tíì san ìyókù. Kó kọ́kọ́ wá rí wa.