Corolla mi tó ń jẹ epo: thermostat tí wọ́n yọ ló fà á

Corolla 2005 ni mọ́tò mi, epo tó ń jẹ ti ń kọjá agbára mi. Tí mo bá tan án láàárọ̀, òórùn epo á gba gbogbo kọ́m̀páùn, ẹnu sàìlẹ́ńsà dúdú kirikiri. Mo tú pulọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò ìdáná igi, ó ń kun èèyàn lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì kan ní Ṣómólú ní kí n lọ ra ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ (èyí tó ń yẹ èéfín mọ́tò wò) ní Ládípọ̀, èkejì ní injector, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni. Mi ò tíì ná kọ́bọ̀, mo kọ́kọ́ so scanner, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe mọ́tò, mọ́ ọn, kóòdù P0128 ló gbé wá, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo kì í dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, ni kọ̀ǹpútà ẹ̀ á bá máa fi epo kún epo títí á fi gbóná. Tí ò bá wá gbóná rárá ńkọ́?

Mo gbé e gba Third Mainland Bridge, àbúrò mi ń wo scanner. Nínú go-slow Yábàá omi ẹ́ńjìnnì wà ní 80°C, bá a ṣe gun bíríìjì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ràdíátọ̀ báyìí ló ń já wálẹ̀, 71, 65, 60. A délé, a tú ibi tí thermostat ń gbé, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ sí ràdíátọ̀ àfi tó bá gbóná, òfo ni! Ó máa ń dùn mí gan-an, àwọn mẹkáníìkì á ní ìlú wa gbóná, a ò nílò ẹ, irọ́ pátápátá ni o.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi òmíì sí i, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Nínú tèmi, rélè tó ń tan féènì ràdíátọ̀ ti kú, mọ́tò á ti máa hó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, dípò kí wọ́n tún féènì ṣe, thermostat ni wọ́n yọ sọnù. Mo pààrọ̀ rélè, mo ra thermostat tuntun tí wọ́n kọ 82 sí lára (ìyẹn 82°C tó fi ń ṣí), mo fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí gáàsì, ó panu dé pinpin, nígbà tí omi gbóná dáadáa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra lanu. Ìyẹn dáa. A dè é pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, a da coolant sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán.

Ó ti ń dúró sí bíi 85 báyìí, òórùn epo ti lọ. Tí tiyín bá gbóná dáadáa tó ṣì ń jẹ epo, ẹ yẹ MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) àti air filter wò, kẹ́ ẹ wá wo injector bóyá ó ń jò.