Àròkọ ìwọlé yunifásítì l'Amẹ́ríkà: ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti wọ ọdún tó kẹ́yìn nílé ìwé girama l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé máàkì tó dára ti parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbí ń béèrè àròkọ mọ́ fọ́ọ̀mù. Lórí Common App, fọ́ọ̀mù ìwọlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, àròkọ náà kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, kò sì gbọdọ̀ ju 650 lọ. Ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ni ọmọ yóò mú. Ìkeje gbà á láyè láti kọ ohun tó bá wù ú.

Ibi tó ti máa ń le fún àwọn ọmọ wa ni pé a ti kọ́ wọn nílé pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi kọ tirẹ̀, ìyà tí bàbá rẹ̀ jẹ kó tó rí ìwé ìgbélùú gbà ló kún un láti òkè délẹ̀. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi, mo wá bi í pé, "Ìwọ dà níbẹ̀?" Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun lòun máa ń jókòó ti ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí òun ń ka ara ìgò oògùn fún wọn ní Yorùbá, títí ọjọ́ tí òun ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀, tí òun sì sáré pe nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni kó o kọ." Ìgò oògùn ló fi bẹ̀rẹ̀ èyí tuntun. Ìlà méjì péré ló kan bàbá rẹ̀.

Common App máa ń ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Lọ́pọ̀ ibi, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ni gbèdéke fún àwọn tó fẹ́ tètè gba èsì, ti àwọn yòókù sì sábà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ìgbà ìsinmi ooru ni kí ọmọ ti kọ àkọ́kọ́, kó pa á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wá kà á sókè. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, kó tún un kọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé lè bá a wò ó. Ẹni méjì tó, torí bí ọwọ́ bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, ohùn ọmọ á sọnù. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá a kọ ọ́: ọmọ ni yóò buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, wọ́n sì lè gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àṣírí bá tú.

Àwọn ilé ìwé kan tún máa ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ àwọn ni ọmọ yàn. Kó dárúkọ kọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ ṣe níbẹ̀ ní pàtó, kó sì yẹ orúkọ ilé ìwé wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.