Iná tó ń tani lásìkò ọyẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ọyẹ́ dé, ẹ bọ́ súwẹ́tà, ó ń dún tátátá. Ẹ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ta yín. Ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe òun. Ayé kọ́. Afẹ́fẹ́ ló gbẹ, kò sí ọ̀rinrin tí iná tó jókòó sára aṣọ yín ì bá gbà yọ́ lọ.

Ẹ má sọ pé ìfararora ló ń dá iná náà sílẹ̀. Kò dá nǹkan kan. Ẹlẹ́kítírọ̀nù, èérún bíńtín tó ń gbé iná nẹ́gétífù, ti wà nínú ohun gbogbo tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fi òòyà oníke ya irun tó gbẹ, díẹ̀ nínú ti irun á ṣí lọ sára òòyà: òòyà di nẹ́gétífù, irun di pọ́sítífù, iye tí irun pàdánù gan-an ni òòyà jèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò WAEC pé pọ́sítífù ló rìn lọ, máàkì rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tí òòyà bá fà mọ́ra ló ní ṣáàjì, ìyẹn iná tó jókòó sára nǹkan. Ó ń fa bébà wẹ́wẹ́ tí kò ní rárá. Ìgbà tí nǹkan méjì bá ń léra wọn sẹ́yìn ló dájú pé àwọn méjèèjì ní in, irú kan náà sì ni.

Iná tó bá ta yín tí ẹ fi mọ̀ ọ́n lára lè tó 3,000 fóólìtì (ìwọ̀n agbára tó ń ti iná), bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 230 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Kí ló dé tí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń pani? Ṣáàjì ara yín kéré, ó sì ti tán kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀kán omi kan tó já láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè gbé yín lọ, bó ti wù kí ibẹ̀ ga tó.

Ṣùgbọ́n nílé epo, ohun kékeré yẹn tó láti mú kí oru bẹntiróòlù gbiná. Fóònù ni gbogbo wa ń pariwo lé lórí níbẹ̀. Lójú tèmi, kẹ́ẹ̀gì ló yẹ ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí epo ṣe ń ṣàn gba inú họ́ọ̀sì ló ń kó ṣáàjì. Tí ẹ bá wá gbé kẹ́ẹ̀gì sórí kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, ṣáàjì náà kò ríbi gbà dé ilẹ̀. Ẹ má rọ epo sí i níbẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹnu họ́ọ̀sì kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí tí ẹ ó fi rọ ọ́ tán, ẹ má sì kánjú. Tí ẹ bá ń rọ epo sí mọ́tò, ẹ má padà lọ jókòó sínú rẹ̀: ara tó ti ra mọ́ ìjókòó, tó sì ti kó ṣáàjì, ni ẹ máa gbé padà wá síbi oru epo. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó jìnnà sí ẹnu táǹkì.

Àrá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Táyà kọ́ ló ń gba ẹni tó wà nínú mọ́tò lọ́wọ́ mànàmáná; ohun tó gba ojú sánmà wá, kí ni rọ́bà díẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Páànù tó yí yín ká ló ń gbé e gba ìta lọ sílẹ̀. Ọ̀kadà náà ní táyà, kò ní páànù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wọlé.